Opó Tó Tú Òrùlé Ilé Ọkọ Rẹ̀

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ọmọdé ń pa á, àgbà ń pa á, kódà ẹni tó yá aṣọ ṣọdún a máa pa á fún ẹni tó yá bàtà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé eku wo, ìtẹ́ wo, wọn a máa wojú ara wọn. Ó dáa, ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àrìnpé, àdín ló ń ṣe tà. Ọdẹ́níyì ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọdẹ tó rí ṣe nígbà ayé rẹ̀. Ó kọ́ ilé oníyàrá méjìlá fún ìyàwó kan ṣoṣo àti àwọn ọmọ tí wọn kò kún yàrá méjì, ó ní àlejò yóò máa wá. Lóòótọ́, àlejò ń wá nígbà tí ẹran ìgbẹ́ ń bẹ nínú ìkòkò. Nígbà tí ọdẹ kú, àwọn àlejò gbàgbé ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí pàdé láti pín ogún. Ọdẹ́kúnlé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, gba oko obì, nítorí iṣẹ́ oko le jù fún obìnrin. Àbúrò wọn gba ìbọn àti ajá, nítorí ìbọn lè ṣe obìnrin léṣe. Nígbà tó kan ilé, gbogbo wọn di aláàánú lójijì. Wọ́n ní kí Àrìnpé àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbé e, pé ilé ni kì í jẹ́ kí orúkọ baba parun. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni pé òrùlé ilé náà ń fẹ́ koríko tuntun lọ́dọọdún.

Àrìnpé gbìyànjú. Ó ń ṣa èkùrọ́ lábẹ́ ọ̀pẹ ọlọ́pẹ, ó ń pa á, ó ń dín in. Èrè àdín di koríko, ó di okùn, ó di oúnjẹ àwọn tó ń bá a bolé, tí wọ́n ń jẹun bí ẹni pé àwọn ló nilé. Yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí ń dé fìlà tuntun, àwọn ọmọ ń fi iyọ̀ jẹ ẹ̀kọ. Síbẹ̀, bí òjò bá ti dé, ilé náà a tún máa jò. Kí a má purọ́, Ọdẹ́kúnlé kò fi í sílẹ̀ láìràn án lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà ló ń yà, tí yóò na ọ̀pá sókè, tí yóò ní, "Ìyàwó, ibí yìí mà ń fẹ́ àtúnṣe." Bí ó bá ti ṣe ìrànlọ́wọ́ náà tán, á jókòó jẹun, á sì máa lọ.

Lọ́dún kan, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ògiri ọ̀kan nínú àwọn yàrá òfìfo rin gbingbin, ó sì wó lu ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Rẹ̀mílẹ́kún, àbíkẹ́yìn Àrìnpé, ti ń ṣa èkùrọ́. Àwọn aládùúgbò ló bá a wú ọmọ náà jáde. Ó yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Bàbá tó ń to eegun ládùúgbò béèrè ohun tí yóò fi ra oògùn. Àrìnpé wo inú ilé, kò rí nǹkan kan. Gbogbo ohun tó ní ló wà lórí òrùlé.

Ó gbé àkàsọ̀, ó gun òkè àjà, kí ó lè tú koríko díẹ̀ tà. Bí ó ti fa ìdì kan, ó rí ìtẹ́ eku. Eku náà ní àjà ilé ńlá níkàáwọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó má gbà á tán. Síbẹ̀, ìtẹ́ rẹ̀ kò ju ibi tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè ká jọ sí lọ. Inú rẹ̀ gbẹ, ó sì móoru. Àrìnpé wò ó títí.

"Eku yìí kò ní ẹbí ọkọ," ló sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú òrùlé.

Kò dúró títí ó fi ku yàrá méjì. Koríko tó dára nínú èyí tó tú, ó fi bo méjèèjì ní ìlọ́po méjì. Ó ta ilẹ̀kùn àti igi àjà tó kù fún ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ó sì fi san owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó gbin ilá àti tẹ̀tẹ̀ sínú àwọn yàrá tí kò lórùlé mọ́, ó fi ẹ̀gún dí ẹnu ọ̀nà wọn, ògiri wọn kò sì jẹ́ kí ewúrẹ́ wọlé.

Ni ẹbí bá dé. Àwọn tí koríko kò ká lára, ìtìjú ká wọn lára.

"Ìwọ lo tú orí ilé Ọdẹ́níyì?" ni Ọdẹ́kúnlé wí.

"Èmi ni, Bàbá."

"O fẹ́ kí aráyé máa sọ pé ìdílé wa ti di ẹdun arinlẹ̀?"

Àrìnpé kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. N kò mọ̀ pé ilé náà ṣì ní ẹni tó ń rò ó. Bí ẹ bá ti ń fún wa ní koríko lọ́dọọdún, màá dá a padà bó ṣe wà."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ rántí pé òun kò tíì yẹ tàkúté wò. Ọdẹ́kúnlé gbójú sókè, ó ní òjò ti ṣú. Ojú ọ̀run mọ́ kedere.

"Kí ni ká wá máa sọ fún àwọn tó bá ń béèrè?" ló bi í bó ti ń dìde.

"Ẹ sọ fún wọn pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́."

Ọdẹ́kúnlé sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ lọ́jà, ó sọ ọ́ lóko, kí wọ́n lè fi opó tó fi ara rẹ̀ wé eku ṣẹ̀sín. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Nígbà tí òjò tún dé, tí ilé àwọn tó rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í jò sí wọn lọ́rùn, Àrìnpé àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú yàrá gbígbẹ, Rẹ̀mílẹ́kún sì ti ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn. Ẹ̀rín rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò rọlẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ fún ẹni tó ń febi pa ọmọ kí ilé lè dùn ún wò, tàbí ẹni tó ń gbé ẹrù tí apá rẹ̀ kò ká nítorí ohun tí ẹbí yóò wí, pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọn kì í pa á láti bú tálákà. Wọ́n ń pa á kí ẹni tí kò ní púpọ̀ má baà sun inú òjò nínú ilé ara rẹ̀.