Ọsàn Ààfin, Ìbẹ́pẹ Ààtàn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀.

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Ṣé ẹnu yín ti ń sùn ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó tó. Ààlọ́ mi yọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé, ó kọsẹ̀ lára ààtàn, ó ta gìrì, ó wá balẹ̀ sórí Àwẹ̀ró àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Àìná.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà tí wọ́n fi ọsàn yangàn. Ọsàn wà ní ààfin, ọsàn wà lójúde, ọsàn wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé. Àlejò tó bá dé, ọsàn ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀. Ìbẹ́pẹ náà wà o, ṣùgbọ́n orí ààtàn ló ń hù sí, láàárín eérú àti èèpo iṣu, láìsí ẹni tó gbìn ín. Nítorí náà, wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní ohun tó bá hù lórí ààtàn, ààtàn ló ni ín. Ẹni tó bá fẹnu kàn án, ọmọ ààtàn ni wọn yóò máa pè é títí yóò fi kú. Èmi ò mọ ohun tí ààtàn fi ṣẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wí nìyẹn.

Ẹ̀rù kan wà ní ìlú náà. Àràbà ńlá kan wà lójú ọ̀nà odò, ẹbọra kan sì ń gbé ìdí rẹ̀. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ọdún odò, ọmọ kan ṣoṣo ni yóò lọ pọn omi ọdún wá, ní àsìkò tí adìẹ ń wọlé sùn. Bí omi kò bá dé, ẹbọra yóò wọ ìlú. Bí ọmọ bá ru omi dé ìdí àràbà, ẹbọra á nawọ́ jáde, á ní kí ó ka ìka òun lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ tó bá mọ iye rẹ̀, á máa lọ sílé. Ọmọ tó bá ṣì í, ìkòkò rẹ̀ àti omi inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí lójú ọ̀nà láàárọ̀.

Agboolé mẹ́ta ló ń fi ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ọ̀kan lọ́dún kan. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Dàda ló lọ, ọmọ ìyálé Àwẹ̀ró. Ìkòkò ló padà wálé. Lọ́dún yìí, ó tún kan agboolé wọn. Ó kan Àìná.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oṣù méjì ṣáájú ọdún, Àwẹ̀ró ní kí Àìná gbé igbá wá. Àìná rìn, ó fẹsẹ̀ gbá odó, ó ṣubú.

"Àìná, ṣé o ò rí odó ni?"

"Odó wo, ìyá mi?"

"Odó tó wà níwájú rẹ yìí!"

"Mi ò rí i. Bí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo nǹkan máa ń ṣú mọ́ mi lójú."

Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn. Ó na ìka méjì sókè. "Mélòó nìyí?"

"Mẹ́ta."

Ó na ìka kan. "Mélòó nìyí?"

"Márùn-ún."

Ó di ìkúùkù, kò na nǹkan kan. "Mélòó nìyí?"

"Mẹ́rin, ìyá mi."

Ẹ má sún mọ́ ara yín. Ẹ̀rù kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àwẹ̀ró sáré lọ bá ìyálé rẹ̀. "Ìyá Dàda, ẹ gbà mí, ọmọ mi ò ríran nírọ̀lẹ́."

Ìyá Dàda kò gbójú sókè. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lọ, ohùn rẹ̀ ti le. Ó ní, "Fún un ní ọsàn. Kí ni ọsàn ò lè ṣe?"

Àìná jẹ ọsàn láàárọ̀, ó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, ó jẹ ẹ́ lálẹ́. Ó jẹ ẹ́ fún oṣù kan gbáko. Èrìgì rẹ̀ tó máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ san. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná. Ara rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Àìná á tún máa táràrà.

Oṣù kan ló kù. Oorun kò kun Àwẹ̀ró mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lọ da eérú nù, ó jókòó ti ààtàn, ó bú sẹ́kún. Àdán kan fò dé. Ó gba abẹ́ okùn aṣọ, ó gba àárín ẹ̀ka méjì, kò fara gbún ohunkóhun. Ó so rọ̀ mọ́ ìbẹ́pẹ, ó ń jẹ ẹ́.

Àwẹ̀ró ní, "Àdán, ilẹ̀ ti ń ṣú. Báwo lo ṣe ń ríran?"

Àdán rẹ́rìn-ín. "Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Mò ń wo ìṣe ènìyàn náà. Ọsàn wo èrìgì ọmọ rẹ, àbí kò wò ó?"

"Ó wò ó."

"Ó wo ojú rẹ̀?"

"Rárá o."

"Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni tọsàn. Ojú ń fẹ́ ohun pípọ́n. Ọdún kẹrin rèé tí ọ̀pẹ yín kọ̀ tí kò so, ẹ ò rí epo pupa jẹ. Èyí tó pọ́n wà níbí, ẹ ń yínmú sí i. Ẹ tún ń sọ èmi tí mò ń jẹ ẹ́ lókò."

Àwẹ̀ró wò yíká. Ó ká ìbẹ́pẹ, ó fi ìró bò ó, ó gbé e wọlé. Ó fún Àìná jẹ lọ́jọ́ náà. Ó fún un jẹ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Dàda rí kóró dúdú nílẹ̀ yàrá.

"Yéè! Èèwọ̀ rèé o! Ẹ jáde wá wò! Àwẹ̀ró ń fi ààtàn bọ́ ọmọ!"

Èrò pé jọ. Wọ́n ń pariwo pé, "Ọmọ ààtàn! Ọmọ ààtàn!" Ojú ti Àìná, ó fi orí pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ ààtàn tó wà láàyè sàn fún mi ju ọmọ ọlọ́sàn tí ìkòkò rẹ̀ nìkan padà wálé."

Ìyá Dàda kẹ̀yìn sí wọn. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́.

Ó ń fún Àìná ní ìbẹ́pẹ lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, Àìná yà fún odó nírọ̀lẹ́, kò gbá a. Ṣé ó rí i ni, àbí ó ti mọ ibi tó wà? Ẹ̀rù ò jẹ́ kí Àwẹ̀ró na ìka sókè bi í.

Ọjọ́ ọdún pé. Adìẹ ń wọlé. Àìná gbé ìkòkò, ó lọ. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu bodè, nítorí òfin kò jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn ẹbọra. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ń kọjá nídìí àràbà?
*Kà á, kà á, ka ìka.*
Ọmọ ta ló ru omi ọdún?
*Kà á, kà á, ka ìka.*
Ẹni bá mọ̀ ọ́n, kó máa relé,
*Kà á, kà á, ka ìka.*
Ẹni bá ṣì í, ó ti di tèmi,
*Kà á, kà á, ka ìka.*

"Mélòó?"

"Mẹ́ta," ni Àìná wí.

Ẹbọra kọrin náà lẹ́ẹ̀kejì. "Mélòó?"

"Méje. Ọwọ́ méjèèjì lẹ nà."

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ilẹ̀ ti ṣú sí i. "Mélòó?"

Àìná dákẹ́.  Lẹ́yìn náà ló ní, "Mi ò rí ìka kankan."

Àwẹ̀ró káwọ́ lérí. Ó ṣubú sílẹ̀, ó ń kígbe, "Ọmọ mi ti lọ o! Ọmọ mi ti lọ!"

Ó tún gbọ́ ohùn Àìná. "Ẹ ti fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn."

Àràbà mì jìgìjìgì. Ẹbọra bú ramúramù, ó wọ inú igi lọ. Àìná yọ lójú ọ̀nà, omi kún ìkòkò dé etí.

"Ìyá mi, kí lẹ ń sunkún sí? Ó pẹ́ tí mo ti ń wò yín bọ̀."

Ìlú hó yèè. Àwọn tó ń pariwo ọmọ ààtàn níjọ́sí ní kí wọ́n gé gbogbo ọsàn, kí wọ́n gbin ìbẹ́pẹ dípò rẹ̀. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ má dán an wò! Ta ló wo èrìgì ọmọ mi?" Wọ́n bá fi ọsàn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìyá Dàda kò sí láàárín wọn. Àwẹ̀ró wá a dé ẹ̀yìnkùlé. Ó bá a lórí ààtàn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìdí ìbẹ́pẹ mọ́ra.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, ẹ̀yìnkùlé mi ló wà. Dàda ká a lọ́jọ́ kan, kó tó lọ sí odò. Mo gbá a lọ́wọ́, mo ní kó jù ú nù."

 Àwẹ̀ró jókòó tì í nínú eérú, àwọn méjèèjì jọ ń sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ ti gbọ́. Ọsàn ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìbẹ́pẹ ní tirẹ̀, ara wa ń fẹ́ méjèèjì. Ẹ má wo ibi tí nǹkan hù sí kí ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ wo ohun tó ń ṣe lára. Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí n ka ìka ọwọ́ ara mi, kí n ṣì í.