Ihò Agbónmi

Ní abúlé Agbónmi, lẹ́sẹ̀ òkè, àwọn tó ń ṣe irú kì í ṣẹ́gi. Inú ilẹ̀ ni iná tiwọn wà. Ihò kan wà láàrin àpáta, ẹnu rẹ̀ kò ju ẹnu ìkòkò ọbẹ̀ lọ, omi gbígbóná sì kún inú rẹ̀. Àwọn obìnrin a kó irúgbá sínú apẹ̀rẹ̀, wọn a fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bí ilẹ̀ bá kùn lẹ́ẹ̀mẹfà, kí oníkálukú sá.

Ọdún mẹ́ta péré ni Àwẹ̀ró ti lò nílé ọkọ níbẹ̀, kò sì gbọ́ kí ilẹ̀ kùn ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ rí. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó di okùn mú. Irúgbá tó kù lọ́dún náà ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀. Ilẹ̀ kùn, ó tún kùn, títí ó fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún.

“Àwẹ̀ró, fa apẹ̀rẹ̀ rẹ yọ!” ni ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Ọdẹ́wálé, ké sí i láti abẹ́ igi kan lókèèrè.

“Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì rọ̀. Bí mo bá yọ ọ́ báyìí, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ìgbà wo la tún máa rí irúgbá?”

Ilẹ̀ tún kùn. Omi díẹ̀ ta jáde sórí àpáta.

“Ẹ̀ẹ̀kẹfà nìyẹn! Dìde ńbẹ̀!”

“Ìyá wa, kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà bí kò ṣe èje?”

Ìyá Ọdẹ́wálé kò bá a jiyàn, ó sáré wá síbi ihò. Ó tú ọ̀já ẹ̀yìn Àwẹ̀ró. “Gbé ọmọ ọmọ mi fún mi. Ìwọ dúró, kí o ka èje tìrẹ.” Ó gbé ọmọ, ó yára padà lọ sábẹ́ igi.

Gbogbo ibẹ̀ wá pa lọ́lọ́. Àwẹ̀ró tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ figbe ta lókèèrè. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣófo dùn ún, kò mọ ìgbà tó ju okùn sílẹ̀ tó sáré tẹ̀ lé igbe náà.

Kò tíì dé abẹ́ igi tí ilẹ̀ fi mì tìtì. Omi tú jáde nínú ihò, funfun báláú, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, ó ń hó, ó ń bú ramúramù, ooru rẹ̀ sì bo ojú oòrùn. Irúgbá ń já lulẹ̀ láti òkè bí yìnyín. Ibi tí Àwẹ̀ró jókòó sí tẹ́lẹ̀ ti di odò tó ń hó. Ó wólẹ̀, ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ kò lè mójú kúrò: kò rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

“Ìyá wa, kí lèyí?”

“Òjò orí òkè ló ń jò gba inú àpáta lọ sísàlẹ̀, níbi tí òkúta ti gbóná bí ààrò. Ọ̀fun ihò há. Omi òkè wúwo, ó dé ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Kíkùn tí o ń gbọ́ yẹn, omi ìsàlẹ̀ ló ń ti ọmọrí. Bí díẹ̀ bá ti dànù lókè, ọmọrí fúyẹ́ nìyẹn. Ti ìsàlẹ̀ á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á gbé gbogbo rẹ̀ jù sókè.”

Nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ti oko dé, ó bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ilẹ̀ kùn. Àwẹ̀ró gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

“Ẹ̀fà ni mo kà,” ni ó wí. “Èyí tó tẹ̀ lé e, n kò mọ iye tí à ń pè é.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.