Ìyá Ìyàwó Tó Dorí Kodò Lára Ìgò

Ní Ìdí-Àgbọn, ìlú kékeré kan létí òkun, ìyàwó kì í wọ ilé ọkọ lọ́wọ́ òfo. Ìgò oyin ni yóò gbé dání, a ó sì ti ṣe ìgò náà lọ́ṣọ̀ọ́ débi pé ẹni tó bá rí i kò ní rántí pé ìgò ọtí ni tẹ́lẹ̀. Wọn á gé àwòrán nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́, wọn á fi sítáàṣì gbàgùúdá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, wọn á to ìkarahun òkun yí i ká nísàlẹ̀, wọn á wá fi fáníìṣì kùn ún kí omi má baà wọ̀ ọ́ mọ́. Àwòrán ìyá ìyàwó ló máa ń wà láàárín, nítorí wọ́n gbà pé ìyá kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn níbi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ.

Nínú ilé wa, Ṣijúwadé ni wọ́n máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ ìgò bá délẹ̀. Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rákòrò. Àwòrán kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, nínú kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ja Gbígbẹ. Ó dúró ní ìpẹ̀kun ìlà, gèlè rẹ̀ ga ju ti gbogbo ẹgbẹ́ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú tí Ṣijúwadé mọ̀ sí ojú ìyá nìyẹn. Kò sí òmíràn.

Ìyá Gbẹ́misọ́lá ló ń ṣe ìgò fún gbogbo ìlú. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó ri igi kan mọ́ iyanrìn lẹ́yìn ilé rẹ̀, á dorí ìgò kodò sórí igi náà, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bó bá ń lẹ àwòrán, orí ni ó máa ń kọ sílẹ̀. Lójú ẹni tó ń kọjá, gbogbo ènìyàn ara ìgò rẹ̀ ló ń fi orí rìn. Ìgbà tó bá yọ ìgò, tó gbé e nàró, ni wọ́n tó ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Nígbà tí ìgbéyàwó Ṣijúwadé ku ọ̀la, Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀, ti ìlú òkè dé. Òun ló tọ́ Ṣijúwadé dàgbà kí òun fúnra rẹ̀ tó lọ sílé ọkọ níbẹ̀. Obìnrin náà lójú àánú, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù. Wọ́n ní bó bá gbin àgbàdo láàárọ̀, á hú u lọ́sàn-án wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Bí òun àti ìyàwó ṣe dé ilé Ìyá Gbẹ́misọ́lá, àwòrán Àwẹ̀ró ti wà ní gígé, ìgò sì wà lórí igi.

“Òkun ti fà sẹ́yìn, mo fẹ́ lọ ṣa ìkarahun,” ni Ìyá Gbẹ́misọ́lá wí. “Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o.”

Kò tíì jìnnà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ fi dìde. “Àlejò ń bọ̀ lọ́la, ìgò ṣì wà níhòòhò! Gbé sítáàṣì yẹn wá.”

“Àǹtí, ẹ jẹ́ ká dúró de Màmá.”

“Ṣé bébà lílẹ̀ ni mi ò mọ̀? Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀!”

Ó lẹ Àwẹ̀ró mọ́ ìgò, orí lókè, ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, bí ojú ṣe ń rí ènìyàn. Ó mú abẹ̀bẹ̀, ó fẹ́ ẹ nínú oòrùn títí ó fi gbẹ. Ó ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ fáníìṣì kó tó yọ ìgò lórí igi, tó gbé e nàró láti yọ̀ sí i.

“Yéè! Àǹtí, ẹ ti dorí ìyá mi kodò!”

“Má pariwo. Mo máa fà á kúrò.”

Ó fi èékánná fà á, kò ṣí. Ó tún fà á, àfi bíi pé ìgò ló dì í mú. Ó wá fi gbogbo agbára fà á: etí gèlè Àwẹ̀ró fàya, ìyókù kò mira.

Ṣijúwadé kúnlẹ̀ nínú iyanrìn. “Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ojú rẹ̀ ló kù yẹn.”

Báyìí ni Ìyá Gbẹ́misọ́lá ṣe bá wọn. Nígbà tó rí ìgò, ó rẹ́rìn-ín títí ìkarahun fi ń dà nù ní ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. “Àwẹ̀ró, ìwọ náà! Ṣé orí lo fẹ́ fi wọ ilé àna ni?” Ẹ̀rín gba ìyàwó lẹ́nu, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. “Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣé o ti kùn ún ní fáníìṣì?”

“Rárá, Màmá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú búrọ́ọ̀ṣì ni.”

“A dúpẹ́. Ẹ pọn omi kànga wá.”

Ó tẹ́ ìgò sínú omi nínú abọ́ ńlá, ó fọ́ àgbọn, ó ní kí wọ́n wá jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí ọwọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ fi ń rìn lọ sẹ́bàá abọ́.

“Mọ́rẹ́nikẹ́!”

“Mo kàn fẹ́ wò ó ni, Màmá.”

“Ojú ni wọ́n fi ń wo nǹkan. Ọwọ́ rẹ ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, a sì rí ohun tó rí.”

Wọ́n jẹ àgbọn náà tán. Ìyá Gbẹ́misọ́lá fi ìka kan gbọn omi sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, kò fa nǹkan kan. Àwẹ̀ró dédé ṣí, ó léfòó, ó dojú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ó ń lúwẹ̀ẹ́!” ni Ṣijúwadé kígbe.

“Nígbà ayé rẹ̀, ta ló mọ ìwẹ̀ tó ìyá rẹ nílùú yìí?” ni Ìyá Gbẹ́misọ́lá dáhùn. “Mọ́rẹ́nikẹ́, o fi agbára bá a jà, ó le mọ́ ọ lọ́wọ́. Omi bẹ̀ ẹ́, ó sì wá fúnra rẹ̀.”

Ó tún un lẹ̀, ó kọrí rẹ̀ sílẹ̀ lórí igi. Ní ibi tí gèlè ti ya, ó fi ìkarahun funfun kékeré kan bò ó. Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin ilé ọkọ ń gba ìgò náà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń bèèrè ẹni tó kọ́ ìyá ìyàwó ní irú gèlè aláràbarà bẹ́ẹ̀. “Èmi ni!” ni Mọ́rẹ́nikẹ́ dáhùn, Ṣijúwadé, tí ìgò ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, sì rẹ́rìn-ín títí oyin fi fẹ́ dànù.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá rí ẹni tó ń kánjú, òun náà ló máa ń kọ́kọ́ fọ́ àgbọn fún un. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ tẹ̀ lé e ló di òwe lẹ́nu àwọn àgbà wa: Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.