Àrọ̀ Tí Kò Ju Ìka Lọ

"Bàbá Ìbídùn, ẹ má fi àrọ̀ sáàárín ẹja wẹ́wẹ́ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ."

"Èyí tí kò ju ìka lọ?" Ọkọ rẹ̀, tó ń sin àrọ̀ tà, rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ sínú àpótí gíláàsì tí ọmọ wọn fi ń sin ẹja pupa mẹ́fà.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹja pupa ku mẹ́rin. Bàbá ní ológbò ni. Ó fi pátákó dé àpótí náà. Lọ́jọ́ karùn-ún, Ìbídùn figbe ta. Bàbá sáré dé. Àrọ̀ nìkan ló kù, ìrù pupa kan ṣì ń jà lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá mi, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ń ṣa àrọ̀ ńlá kúrò láàárín kékeré nínú adágún yín, kí wọ́n má baà jẹ wọ́n. Àbí torí pé tèmi kì í ṣe fún títà ni?"