Orin tí Òkété Gbè

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi kò lọ jìnnà, etí odò ló já sí, lẹ́nu ihò Òkété abiyamọ.

Erin tó jẹ́ ọba fẹ́ yí òfin ilẹ̀ padà, kí etí odò lè di ibi ilé gíga. Ó ní kí gbogbo ìlú wá sọ tẹnu wọn. Òkété to ọ̀rọ̀ sẹ́nu pé òun kò fẹ́ ẹ, ó lọ.

Nígbà tí ìlú pé, Ayékòótọ́ akéde ọba bá dá orin láti fi bi wọ́n. Ẹ bá mi gbè é.

Ṣé ká gé igi etí odò?
*Tìntìn-jọ̀.*
Òkété fẹ́ sọ̀rọ̀, ègbè ló jáde.

Ṣé ká dí gbogbo ihò?
*Tìntìn-jọ̀.*
Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó.

Ṣé ká kọ́lé lé e lórí?
*Tìntìn-jọ̀.*
Ohùn tirẹ̀ ló ròkè jù.

Erin ní, "Ẹ ṣeun. Gbogbo yín lẹ gbè é, gbogbo yín lẹ fẹ́ ẹ."

Òkété ní, "Kábíyèsí, orin lásán ni mo gbè."

Erin ti dìde, ó ń lọ sílé.

Ẹ̀yin ọmọ, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń gbè é. Ta ló fetí sí ohun tí mò ń dá?