Ohùn Tí Kò Jáde Nínú Ilé

Ní Ìkirè, ọkùnrin kan wà tó jẹ́ àkọ́bí ìyá rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti lọ sókè òkun. Òun nìkan ló kù nílé pẹ̀lú ìyá wọn tó ti darúgbó. Nígbà tí ìyá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán, òun náà ló gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà yẹ ìyá wò, ó ní, "A máa ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí. Ọkàn màmá ò lágbára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lo oògùn ná. Bá a bá kánjú, wọ́n lè sùn kí wọ́n má jí."

Àwọn ọmọ ìyá wá ṣèpàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ò dára, nítorí náà gbogbo wọn pa àwòrán, ohùn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Fadérera, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ní òun ti bá ilé ìwòsàn ńlá kan sọ̀rọ̀, pé mọ́tò yóò wá gbé ìyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rí sí i?"

Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo ohun tí dókítà wí, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù. Nígbà tó dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ó ṣe díẹ̀, ó gbọ́ ohùn Fadérera: "Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká máa bọ́rọ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó ní, "Àṣé ohun tí mo sọ kì í ṣe nǹkan kan! Torí pé àwọn ń tẹ yìnyín, èmi ń tẹ eruku!" Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e. Ó ń jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Ó mọ̀ pé ewu ni bí mọ́tò bá dé. Síbẹ̀ ó ń wí lọ́kàn rẹ̀ pé, "Àwọn ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kí wọ́n máa ṣe é lọ."

Ìbínú ò dáa. Ìyá tó bí i ló fẹ́ fi gbẹ̀san lára àwọn àbúrò rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí mọ́tò dé, ìyàwó rẹ̀ wá bá a. "Bàbá Ìbùkún, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá wọn sọ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó dá yín lójú pé ó dé etí wọn?"

"Báwo ni ò ṣe ní dé ibẹ̀? Èmi ń gbọ́ wọn ketekete!"

"Ẹ̀yin ń gbọ́ wọn, mo mọ̀. Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Ó fẹ́ jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà mú un. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ní sùúrù, ọkàn ìyá ò lágbára." Ó tẹ̀ ẹ́ kó lè gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀. Kò gbọ́ ohunkóhun. Ó tún un gbà, ó pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Bákan náà ni.

Ó yọ okùn máíkì, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn. Pàbó ni. Ó wá wọ ibi tí èèyàn ti ń to ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ ló ti rí i pé máíkì wà ní títì. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, kọ̀ǹpútà ti bi í bóyá kí òun jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rù àwọn gbájúẹ̀ ń bà á, ló bá dáhùn pé rárá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ti ilẹ̀kùn, tó wá ń bínú pé wọn ò dá òun lóhùn.

Ó ṣí i, ó sì fi kọ̀ǹpútà náà pe àbúrò rẹ̀.

"Fadérera."

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Ẹkún ló bú sí. "Kí la ṣe fún yín? A bi yín léèrè, ẹ dákẹ́. A pè yín, ẹ ò gbé e. A rò pé ẹ ti kọ̀ wá sílẹ̀ ni."

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún un. Fadérera ní, "Ẹ jẹ́ kí n tètè pe ilé ìwòsàn."

Mọ́tò ò wá mọ́. Ìyá lo oògùn títí dókítà fi ní ọkàn rẹ̀ ti lágbára tó. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ó sì jí. Ó ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ó sì ń bá àwọn tó bá ń yára jù nínú ilé jà.

Ìwọ tí o wá bá mi láàárọ̀ yìí, tí o ní àbúrò rẹ ò kà ọ́ sí, pé o ti sọ̀rọ̀ títí, kò fèsì: mi ò ní o purọ́. Mo mọ̀ pé o sọ ọ́. Èmi ti gbọ́ ọ, àwọn ará àdúgbò rẹ ti gbọ́ ọ. Òun ńkọ́?

Dìde, wọ bàtà rẹ. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ, má wulẹ̀ béèrè ìdí tí kò fi dá ọ lóhùn. Jókòó tì í, kí o ní, "Àbúrò mi, kí lo gbọ́ lẹ́nu mi?" Lẹ́yìn náà, kí o dákẹ́.