Ẹ̀gbà Ọwọ́ Tí Ń Jẹ Ooru

Ọkùnrin kan wà ní ìlú ńlá tó máa ń ṣe ẹ̀rọ. Ó ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ kan tó rọ̀ bí aṣọ, tí kò lo bátìrì. Ooru ara ló ń jẹ. Bí ara bá gbóná tí afẹ́fẹ́ sì tutù, ooru tó ń kọjá láàárín méjèèjì a di iná, iná náà a sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù pé, "Bàbá ti jí."

Ó so ó mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ní abúlé, nítorí bàbá ń dá gbé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jọjọ. Ó tilẹ̀ pe obìnrin àdúgbò tó máa ń kan ilẹ̀kùn bàbá láràárọ̀ láti kí wọn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́ nínú ọyẹ́ yìí. Mò ń rí wọn láti ibí."

Obìnrin náà ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ṣé ẹ̀rọ ọ̀hún á máa bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa?" Inú bí obìnrin náà, kò lọ kí bàbá mọ́.

Kò pẹ́, bàbá pe ọmọ. "Ẹ̀gbà rẹ ń gbé ooru mi wá bá ọ. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ kí n tó lọ, ojú lọ̀rọ̀ sì wà." Ọmọ ní òun ń bọ̀. Ó wo fóònù, ó rí i pé bàbá ṣì wà, ló bá sún ìrìn àjò síwájú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iṣẹ́ kankan ò dé. Ó ń yẹ fóònù wò lemọ́lemọ́. Nígbà tí oòrùn mú, fóònù dún: "Bàbá ti jí." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àgbàlagbà ń gbádùn oorun. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà: àárọ̀ dákẹ́, ọ̀sán sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, àárọ̀ ọyẹ́ ló yẹ kí ẹ̀gbà náà lágbára jù.

Níbi iṣẹ́, ó ṣèèṣì gbé ẹ̀gbà mìíràn lé ìgò omi dídì. Ẹ̀gbà náà tanná. Ìgbà náà ló rántí. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀: kí ooru jáde lára, kí ooru wọ ara lọ, iná kan náà ni yóò tàn.

Ó wakọ̀ dé abúlé lọ́sàn-án gangan. Páànù òrùlé gbóná janjan, yàrá móoru. Bàbá wà lórí ibùsùn, iná aláwọ̀ ewé inú ẹ̀gbà náà sì ń ṣẹ́jú lọ́wọ́ wọn. Ó di ọwọ́ náà mú. Ó tutù: ooru yàrá ló ń wọ ara tí ẹ̀mí ti kúrò nínú rẹ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe bo ẹ̀gbà náà, iná tàn sí i, fóònù inú àpò rẹ̀ sì dún: "Bàbá ti jí."

Ọ̀rọ̀ tí bàbá fẹ́ sọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ títí dòní.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, má ṣe sọ pé o ò ní ẹ̀gbà. Ò ń wo àwòrán ìyá rẹ lórí fóònù, ò ń sọ pé, "Wọ́n wà dáadáa." Ẹ̀rọ lè sọ fún ọ pé ooru ń kọjá; kò lè sọ ara ẹni tí ooru náà ti wá. Bí wọ́n bá ti pè ọ́, dìde, máa lọ, nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì lè di tìrẹ mú.